Paella fún 20 àlejò: ẹ gbé ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin kan láti Valencia ní Sípéènì, àwọn òbí ọmọ náà sì ń bọ̀ wá kí wa lóṣù tó ń bọ̀, lọ́jọ́ Sátidé. A máa tó 20 nílé lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ fi paella ẹlẹ́ja, oúnjẹ ìrẹsì ìlú wọn, gbà wọ́n lálejò. Mo dán an wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìrẹsì tí mo fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù ni mo lò, nínú ìkòkò ńlá tí mo fi ń se oúnjẹ òde. Òkè rẹ̀ kò jinná, àárín rẹ̀ rí pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ìdí ìkòkò sì jóná kanlẹ̀. Edé inú rẹ̀ le bíi rọ́bà. Kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

Mà, ẹ kú ìmúra àna. Ọwọ́ yín kọ́ ló ṣẹ̀, ìkòkò ló ṣẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìdáná ilé oúnjẹ kan létí òkun Valencia kí n tó kó wá sí London, gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn ló sì ṣẹlẹ̀ sí èmi náà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Alásè ni ìyá mi ní Mushin, ìdí ìkòkò òde ni mo dàgbà sí. Lọ́dọ̀ wa, bí àlejò bá ṣe ń pọ̀ ni ìkòkò ṣe ń jìn. Ẹni 20, ìkòkò kan. Ẹni 200, ìkòkò tí ọmọdé lè sá pamọ́ sí. Paella kì í jìn. Fífẹ̀ ló ń fẹ̀. Bí àlejò bá ń pọ̀, páànù á máa gbòòrò, àmọ́ ìrẹsì inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ga ju ìbú ìka kan lọ, ì báà jẹ́ ẹni mẹ́rin ló fẹ́ jẹ ẹ́, ì báà jẹ́ ogójì.

Orúkọ oúnjẹ yìí gan-an, orúkọ páànù ni. "Paella" ni páànù ìdáná lédè àwọn ará Valencia, wọ́n sì ń pè é ní páéyà. Páànù pẹlẹbẹ ni, etí rẹ̀ kúrú, ó ní ọwọ́ méjì. Ẹ má sọ pé ẹ ní agbada tí ẹ fi ń dín àkàrà o. Inú agbada kòtò, gbogbo omi á wọ́ sí àárín, etí á gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò yín. Bí a bá ń se jọ̀lọ́ọ̀fù, a ti bọ ìrẹsì, omi ata inú rẹ̀ kò pọ̀, a sì máa ń fi fọ́ì tàbí ọ̀rá dé e pa. Ooru tó há sínú ìkòkò ló ń parí iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ìkòkò jíjìn kò fi pa á lára. Paella kò ní ìdérí. Ìrẹsì tútù ló wọ inú omi ẹja tó ń hó, omi yẹn á máa gbẹ láti òkè, ìrẹsì á máa fà á láti ìsàlẹ̀, wọ́n á sì jọ parí lẹ́ẹ̀kan náà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 18. Bó bá jìn, tòkè á wà lókè omi láìjinná, tàárín á rì sómi, tìsàlẹ̀ á máa jó. Ohun tí ẹ rí gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ ra páànù méjì tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí ẹ se fún ẹni mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń tà á á sọ fún yín pé ẹni 14 ni ọ̀kan máa tó fún. Ẹ má dá wọn lóhùn, àyè la fẹ́. Ẹ ra ìdáná gáàsì olóbìrípo rẹ̀ mọ́ ọn, èyí tí iná rẹ̀ ní òbìrí méjì tàbí mẹ́ta tó sì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Sítóòfù ilé ìdáná yín kò lè ràn án. Àárín nìkan ló máa gbóná, etí páànù á wà níta bí ẹni tí wọn ò pè sóde. Ní Valencia, igi ọsàn ni wọ́n fẹ́ràn láti fi dá a, èéfín rẹ̀ sì máa ń bá oúnjẹ lọ bí èéfín igi ṣe ń bá ìrẹsì òde wa lọ. Àmọ́ èmi kò ní sọ pé kí ẹ dáná igi lẹ́yìnkùlé Leeds kí aládùúgbò má bàa pe àwọn panápaná.

Bí páànù bá jẹ́ ti irin lásán, ó ń dípẹtà. Ẹ kọ́kọ́ se omi àti fínígà díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ fi òróró pa á lára. Lẹ́yìn gbogbo ìlò náà, òróró.

Ìrẹsì ló kàn. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù yín ti la ooru kọjá nílé iṣẹ́ kó tó wọ àpò, ìyẹn ni kì í fi í lẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ìyẹn náà ni kò fi ń mu omi ẹja wọnú bó ṣe yẹ. Èyí tí ẹ máa rà ni bomba. Hóró rẹ̀ kúrú, ó rí roboto. Ó lè mu omi tó ìlọ́po mẹ́ta ara rẹ̀ kó tó bẹ́, ó sì máa ń darí ji ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì mọ́ ọn. Àwọn ará Valencia mìíràn fẹ́ràn senia jù ú lọ, wọ́n ní ó ń gba adùn ju bomba lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ bí ẹ bá gbójú kúrò lára senia fún ìṣẹ́jú méjì, ó ti di èkọ. Bomba ni kí ẹ rà. Gíráàmù 100 fún ẹnì kan, ìyẹn kílò kan nínú páànù kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má bọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé yóò ṣòro fún yín. Ó ṣòro fún ìyá mi náà nígbà tí mo se é fún wọn, wọ́n ní ta ló ń jẹ ìrẹsì àìfọ̀.

Ẹ̀bá Albufera ni púpọ̀ nínú ìrẹsì yìí ti ń hù, ọ̀sà kan tó wà ní gúúsù ìlú Valencia. Àwọn Mùsùlùmí tó jọba níbẹ̀ láyé àtijọ́ ló mú oko ìrẹsì wọ ilẹ̀ náà, orúkọ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ kò tíì parẹ́: Albufera, láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó túmọ̀ sí òkun kékeré. "Arroz", ìyẹn ìrẹsì, àti "azafrán", ìyẹn sáfúróònù, fọ́nrán òdòdó tó ń fún ìrẹsì náà ní àwọ̀ àti òórùn, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni àwọn náà.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan kí àna tó dé. Paella tí àwọn ará Valencia ń pè ní ti àwọn gan-an kò ní ẹja rárá. Adìyẹ ló wà nínú rẹ̀, àti ehoro, ẹ̀wà tútù oríṣi méjì, tòmátì, òróró ólífì, sáfúróònù, iyọ̀, omi àti ìrẹsì. Àwọn mìíràn máa ń fi ìgbín kéékèèké sí i. Oúnjẹ àgbẹ̀ ni. Ti ẹlẹ́ja, paella de marisco, ti àwọn ará etí òkun ni, òun náà sì ní iyì tirẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bínú sí yín nítorí rẹ̀. Ohun tó ń bí wọn nínú ni kí èèyàn kó adìyẹ, edé àti sọ́séèjì pọ̀ sínú páànù kan. "Arroz con cosas" ni wọ́n ń fi irú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ìrẹsì pẹ̀lú nǹkan-nǹkan. Lọ́dún 2016, Jamie Oliver, alásè ọmọ Bírítéènì tí gbogbo ayé mọ̀, gbé paella tó ní chorizo, sọ́séèjì aláta wọn, sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èébú tí àwọn ará Sípéènì rọ̀jò lé e lórí kì í ṣe kékeré. Lọ́dún 2021, ìjọba ẹkùn Valencia fi òfin ka paella mọ́ ogún ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Ẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ṣeréṣeré. Nítorí náà, ẹ má fi chorizo sí i. Ọwọ́ yín á sì fẹ́ lọ síbi kọ́rì àti táìmù. Ẹ so ó mọ́lẹ̀.

Omi ẹja ni gbogbo adùn oúnjẹ yìí wà, ẹ sì lè sè é lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ ra edé ńlá tó ṣì ní orí, 40 fún páànù méjèèjì. Ẹ yan 20 tó dáa jù sọ́tọ̀ lódindi, ẹ bó ìyókù, kí ẹ má da orí àti èèpo nù. Ẹ fi òróró ólífì díẹ̀ dín àwọn orí yẹn, kí ẹ máa fi síbí onígi tẹ̀ wọ́n kí ọ̀rá pupa inú wọn jáde. Bí ilé bá ti ń ta sánsán, ẹ da orí ẹja àti egungun ẹja funfun méjì tàbí mẹ́ta sí i, àlùbọ́sà kan, ewé àlùbọ́sà, kí ẹ bu omi bíi lítà mẹ́jọ lé e. Ẹja ọlọ́ràá bíi Titus (mackerel) kò gbọdọ̀ débẹ̀. Bó bá ti hó, ìṣẹ́jú 25 péré. A mọ̀ pé omi ẹran ń dùn sí i bó bá ń pẹ́ lórí iná, ṣùgbọ́n egungun ẹja ń korò. Ẹ sẹ́ ẹ dáadáa, kí ẹ fi iyọ̀ sí i títí yóò fi le díẹ̀ ju bí ẹ ṣe máa fẹ́ mu ún lọ, torí ìrẹsì kò ní iyọ̀ kankan nínú.

Ata díndín náà, ọjọ́ Jímọ̀ ni. Sofrito ni wọ́n ń pè é. Ibí yìí ni ẹ ti máa gba ipò kìíní lọ́wọ́ wọn, torí kò sẹ́ni tó ń kọ́ obìnrin Yorùbá ní ata dídín. Fún páànù méjì, ẹ rin kílò kan tòmátì tó pọ́n dáadáa lórí ohun tí ẹ fi ń rin ilá, kí èèpo rẹ̀ kù sọ́wọ́. Ẹ dín áyù márùn-ún tí ẹ gé wẹ́wẹ́ nínú òróró ólífì. Kí ó tó pọ́n, ẹ da síbí kékeré méjì pimentón dulce sí i, ata gígún wọn tí kì í ta, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tètè da tòmátì lé e. Pimentón ń jó láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, bó bá sì ti jó, ìkorò rẹ̀ kò ṣe é tún ṣe. Ẹ dín in títí yóò fi dúdú díẹ̀ tí òróró á fi léfòó, bí ẹ ṣe ń ṣe fún ọbẹ̀ ata. Kò sí rodo níbẹ̀. Ẹ gbé ata rodo gígún sínú àwo kékeré lórí tábìlì fún àwa tí ẹnu wa ti bàjẹ́.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ẹ fọ kílò méjì mussels, ẹran òkun tó ń gbé inú ìkarahun dúdú méjì, ẹ fa okùn tó dà bí irùngbọ̀n lára wọn. Èyí tó bá la ẹnu, ẹ fi ìka lù ú. Bí kò bá pa ẹnu dé, ó ti kú, ẹ jù ú nù. Ẹ fi omi díẹ̀ gbé ìyókù kaná nínú ìkòkò tí ẹ dé, títí wọn yóò fi là. Èyí tó bá kọ̀ tí kò là, ẹ jù ú nù. Ẹ sẹ́ omi wọn sínú omi ẹja, àmọ́ ẹ tún iyọ̀ tọ́ wò, torí omi òkun ló wà nínú wọn. Ẹ gé kílò kan ààbọ̀ squid, ẹran òkun rírọ̀ tí kò ní ìkarahun, sí kéékèèké bí ìwọ̀n èékánná àtàǹpàkò. Kí ẹ tó ra nǹkankan, ẹ béèrè lọ́wọ́ gbogbo àlejò bóyá ara ẹnì kan kọ edé, kí ẹ sì rántí pé bí ẹbí yín kan bá jẹ́ Adventist, edé àti squid kò ní wọ ẹnu rẹ̀. Jọ̀lọ́ọ̀fù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò burú. Inú ìkòkò yín o.

Ó wá ku páànù. Ẹ gbé e lé ìdáná, ẹ da omi díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ wo ibi tó ń wọ́ sí. Bó bá ń ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi pákó kékeré ti ẹsẹ̀ ìdáná títí yóò fi tẹ́jú. Ẹ dà á nù, ẹ nu páànù gbẹ. Òróró ólífì, nǹkan bí ife kékeré kan. Ẹ dín edé olódindi ní ìṣẹ́jú kan fún ẹ̀gbẹ́ kan, ìṣẹ́jú kan fún èkejì, ẹ kó o kúrò. Ohun tó jẹ́ kí tiyín le bíi rọ́bà ni pé ẹ jẹ́ kó bá ìrẹsì jinná láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ da squid sí òróró náà títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ, kí ẹ wá da ìdajì ata díndín lé e. Ẹ da ìrẹsì kílò kan sí i, ẹ rò ó ní ìṣẹ́jú kan kí òróró kan gbogbo hóró. Lẹ́yìn náà, lítà mẹ́ta omi ẹja tó ń hó lọ́wọ́, kì í ṣe tútù, pẹ̀lú sáfúróònù tí ẹ ti rẹ sínú omi gbígbóná. Bíi ìdá mẹ́ta gíráàmù kan tó fún páànù kan. Ó wọ́n, mo mọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní Sípéènì ń lo àwọ̀ gígún olómi ọsàn dípò rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú lásán, ṣùgbọ́n ti àna yìí kì í ṣe ọjọ́ lásán.

Ẹ fi ẹ̀yìn síbí tẹ́ ìrẹsì káàkiri kó dọ́gba. Ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn tí síbí yóò kan án. Ọjọ́ kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, mo rí ìrẹsì tó ń hó, ọwọ́ mi ti dé ìdí síbí kí n tó mọ̀. Ọ̀gá wa kò sọ̀rọ̀. Ó gba síbí lọ́wọ́ mi, ó jù ú sínú omi ìfọbọ́, ó padà sídìí iná rẹ̀. Bí ẹ bá ń rò ó, hóró á máa ra ara wọn, ìyẹ̀fun ara wọn á bọ́ sómi, ó ti di àsáró nìyẹn. Páànù lẹ lè yí, ẹ má ro ìrẹsì.

Iná líle fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí orí ìrẹsì bá ti ń yọ lójú omi, ẹ dín iná kù fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ to edé olódindi, edé bíbó àti mussels sórí rẹ̀, ẹ má rì wọ́n mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá tọ́ ìrẹsì wò tó ṣì le tí omi sì ti gbẹ, ẹ wọ́n ṣíbí omi ẹja gbígbóná díẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ etí. Omi tó ń hó ń dún bọ̀bọ̀bọ̀. Bó bá ti tán, ohùn á yí padà, á máa ta pàrà-pàrà bí òjò wẹ́wẹ́ lórí páànù. Òróró ló kù tó ń dín ìdí ìrẹsì yẹn. Ẹ gbé iná sókè fún bí ìṣẹ́jú kan, imú yín lójúfò: òórùn tó bá dà bíi àgbàdo sísun, ó dáa, bó bá ti ń ta bí ẹ̀ẹ́dú, ẹ pa á kíá. Socarrat ni wọ́n ń pe ìdí náà, wọ́n sì ń jà lé e lórí bí àwa ọmọdé ṣe ń jà lórí ìdí ìkòkò ní Mushin. Ẹ fi aṣọ ìnuwọ́ mímọ́ bò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹ wò ó, mà, ẹ jẹ́ kí bàbá ìyàwó da ìrẹsì sínú páànù kan. Nílé ọ̀pọ̀ wọn, bàbá ló ń se paella ọjọ́ Àìkú, inú rẹ̀ á sì dùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Yóò bá yín jiyàn lórí omi. Ẹ jẹ́ kó jiyàn.

Aago ló ń já mi láyà fún yín. Ọ̀sán ni wọ́n ń jẹ ẹ́, bíi aago méjì sí mẹ́ta, wọ́n sì máa ń sọ pé àlejò ló ń dúró de ìrẹsì, ìrẹsì kì í dúró de àlejò. Àmọ́ àwa la ni ẹbí tí wọ́n máa sọ fún ní aago kan tí wọ́n á ṣì máa wé gèlè ní aago méjì. Ìdí kejì nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ra páànù méjì. Ẹ dá iná ti àkọ́kọ́ nígbà tí àna bá ti jókòó, kí ẹ dá ti èkejì nígbà tí àwọn ẹbí yín tó ń bọ̀ láti Bradford bá pè pé àwọn ti wọ àdúgbò. Àwọn tó tètè dé lè máa fi àkàrà wẹ́wẹ́ panu.

Wọ́n lè fẹ́ jẹ ẹ́ láti inú páànù, pẹ̀lú síbí onígi. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, oníkálukú á máa jẹ láti etí tó wà níwájú rẹ̀ lọ sí àárín, kò sì ní na ọwọ́ sí ti ẹnìkejì. Ẹ gé lẹ́mọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fẹ́, ẹ má fún un sórí rẹ̀. Ẹ má sì dì í sínú ọ̀rá fún ẹnikẹ́ni ní ìrọ̀lẹ́. Ìrẹsì àti ẹja tó ti wà níta fún wákàtí mẹ́ta, inú rírun ló ń dá sílẹ̀. Èyí tó bá kù, kó ti wọ fíríìjì kí wákàtí kan tó kọjá.

Ẹ fi páànù kan dán an wò lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú, fún ẹni mẹ́jọ, gíráàmù 800 ìrẹsì, omi ẹja lítà méjì àti ààbọ̀. Kí ẹnì kan nínú ilé bá yín di síbí mú láti ìgbà tí omi bá ti wọ inú rẹ̀.